Adìyẹ Mista Jọ́ọ̀jì

Ẹnì kan wà tí kò sí láyé rí, àmọ́ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìyá mi fi gbààwẹ̀ fún un. Mista Jọ́ọ̀jì lorúkọ rẹ̀. Èmi ni mo dá a, lórí fóònù, láàárín ìṣẹ́jú kan, nítorí pé n kò fẹ́ lọ sílé lọ ṣe Kérésìmesì. Bí ẹ bá ń wá òpùrọ́ tó dájú, ẹ má wulẹ̀ rìn jìnnà. N óò sọ ọ́ bó ṣe rí, n kò ní fi epo sí i, n kò sì ní fi iyọ̀ sí i.

Ọdún 1999 ni iléeṣẹ́ kan tó ń bá àwọn elépo rọ̀bì ṣiṣẹ́ gbà mí sí Pọ́tákọ́ọ̀tù, pé kí n wá máa bá wọn tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí. Èmi, Bísí ìyàwó mi, àti Ìbùkún ọmọbìnrin wa, tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì nígbà náà, la jọ kó kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. A gba yàrá méjì ní Rumuolumeni, lọ́nà Iwofe, níbi tí òórùn omi àti ẹja ti máa ń wọlé bá èèyàn lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni ẹnu ara mi. Nílé, mo lẹ́nu dáadáa, wọ́n máa ń pè mí kí n wá báni parí ìjà. Ní Pọ́tákọ́ọ̀tù, mo di odi. Bí mo bá dúró níwájú ẹlẹ́ja ní ọjà Mile 3, tí mo ń wá ọ̀rọ̀ tí n óò fi dúnàá-dúrà, ìyá náà á pariwo mọ́ mi pé, "Ngbati, talk wetin you wan talk, I get customer!" Ngbati ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, nítorí pé "nígbà tí" kì í wọ́n lẹ́nu wa. Ó gbà mí tó oṣù mẹ́jọ kí n tó lè fi Pidgin já owó ẹja. Lọ́jọ́ tí mo já a, tí ìyá náà rẹ́rìn-ín tó ní, "Oga, you don turn Pitakwa man," mo gbé ẹja ọ̀hún délé bí ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ.

Àmọ́ Kérésì àkọ́kọ́ ló fi hàn mí pé àjò ni mo wà. Nígbà tó máa fi di ogúnjọ́ oṣù Kejìlá, àdúgbò ti dá páropáro. Àwọn Ìgbò tó yí wa ká ti di ẹrù sórí ọkọ̀, wọ́n ti lọ sí abúlé wọn, àwọn tó kù náà ń palẹ̀ mọ́. Ìyá onílé wa, Mama Ovunda, opó ni, ọmọ Ikwerre pọ́ńbélé, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó bá mi níbi tí mo ti ń fọ aṣọ.

"Papa Ibukun, una no dey go village?"

"Work, Mama. Dem say make I stay."

"Which kain work be dat? Na person wey no get people dey do Christmas for rent house."

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun. Òótọ́ ni mo sì sọ fún un lọ́dún náà. Ìgbà yẹn ni gbogbo ayé ń bẹ̀rù pé kọ̀mpútà máa dàrú bí ọdún 2000 bá wọlé, wọ́n sì ní kí àwa tí à ń tọ́jú ẹrù má kúrò nílùú. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń sanwó pe fóònù, mo pe ilé olóògùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì bá mi pe ìyá mi. Mo ń gbọ́ bàtà rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì bó ṣe ń sáré bọ̀.

"Ọkọ mi, ìgbà wo lẹ máa dé? Adìyẹ Ìbùkún ti tóbi o."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ adìyẹ yìí. Ní ilé wa, bí Àjíǹde bá ti kọjá, ìyá mi á ra òròmọdìyẹ, iye ọmọ tó bá wà nílé ni yóò rà. Á fi àkísà aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ so mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan á sì máa tọ́jú tirẹ̀ títí di Kérésì. Ẹ mọ̀ pé iwe adìyẹ, bàbá ló ni ín. Láti oṣù Kìíní dé ìparí ọdún, kò sí ọmọ tó tó bẹ́ẹ̀ láti fọwọ́ kàn án. Àmọ́ láàárọ̀ Kérésì, ọmọ tó ni adìyẹ ló ń jẹ iwe rẹ̀. Bàbá mi á jókòó lórí àga, á máa wò wá, àwa náà á sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ lójú rẹ̀ kó má tètè tán. Ìyá mi ní lọ́jọ́ tí Ọlọ́run alára gbà láti di ọmọ ọwọ́, ó yẹ kí àgbàlagbà náà fún ọmọdé láyè. Bàbá mi kú, ìyá mi kò dá àṣà náà dúró. Àwọn ọmọ-ọmọ ló kàn.

"Màmá, ẹ má bínú, wọn ò jẹ́ ká wá lọ́dún yìí."

"Kò burú. Iṣẹ́ ni. N óò bá a tọ́jú adìyẹ rẹ̀ di àmọ́dún."

Lọ́dún kejì, ọ̀sẹ̀ méjì sí Kérésì ni Bísí bí Tóbi, ọmọkùnrin wa. Kò sẹ́ni tó máa gbé ọmọ tuntun lọ sírú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀. Ìyẹn náà òótọ́ ni. Gbogbo òótọ́ tí mo ní kò ju méjì yẹn lọ.

Lọ́dún kẹta, wọ́n fún mi ní líìfù, ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Ìwé rẹ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò mi, mo sì ń fọwọ́ kàn án bí mo ṣe ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, Bọ̀dá Délé, ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé pẹ̀lú Màmá, ti ní ọ̀kan. Mo ti lérò láti sọ pé a ń bọ̀. Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni pé, "Màmá, wọ́n tún ní kí n má lọ o."

"Ta ló ní kó o má lọ?"

"Ọ̀gá mi ni."

"Kí lorúkọ ọ̀gá náà?"

N kò mọ ibi tí orúkọ náà ti wá. "Mista Jọ́ọ̀jì."

"Ó mà burú o. Kò ní ìyá ni?"

Kí ló dé tí mo fi parọ́? Mo ti bi ara mi léèrè títí. Kì í ṣe owó, kì í ṣe ọ̀nà. Láàárín ọdún méjì yẹn, a ti dá Kérésì tiwa sílẹ̀ láìmọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrìnlélógún, èmi àti àwọn ọmọ á lọ sétí omi ní Iwofe, a ó ra ẹja tó ṣì ń jà nínú agbọ̀n, edé, àti ìṣáwùrú. Mama Ovunda ló kọ́ Bísí bí wọ́n ṣe ń fi wọ́n se ọbẹ̀. Lọ́jọ́ Kérésì, bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, àwọn ọmọ á ṣeré ìbí Jésù ní pálọ̀. Ìbùkún ni Màríà, Tóbi tí kò tíì lè rìn ni Jésù, aṣọ ìnura la sì fi wé e. Èmi ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Mo máa ń fi ọwọ́ àti orúnkún rìn yí pálọ̀ ká, Màríà á jókòó sí mi lẹ́yìn, á máa fi bàtà gbá mi níkùn. Lẹ́yìn náà ni n óò dìde, n óò gbọn eruku orúnkún mi, n óò gbàdúrà lé gbogbo ilé lórí.

Nílé, ta ló máa jẹ́ kí n gbàdúrà? Àbíkẹ́yìn ni mí. Mo ti bímọ méjì, Bọ̀dá Délé ṣì máa ń pè mí níwájú ìyàwó mi pé, "Ìwọ, lọ pọnmi wá." Bí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀, àgbà mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ní Rumuolumeni, èmi ni baálé. Òótọ́ tí n kò lè wò lójú nìyẹn. Kérésì tèmi dùn mọ́ mi ju ti ìyá mi lọ. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi dàgbà tán kí wọ́n máa rántí èmi lọ́jọ́ Kérésì, kí wọ́n má rántí ẹlòmíràn. Wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Tèmi dùn, n kò sì relé.

Mo rò pé irọ́ náà ti parí síbẹ̀. N kò mọ̀ pé ìyá mi ti gbé e lé orí.

Nínú oṣù Kọkànlá ọdún tó tẹ̀ lé e, ó pè mí fúnra rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti gbẹ.

"Ọkọ mi, ọjọ́ mẹ́ta la fi gbààwẹ̀ lórí Mista Jọ́ọ̀jì. Mo gbé orúkọ rẹ̀ lọ sí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. A kò bú u o. A ní kí Olúwa fún un ní ọkàn ẹran dípò ọkàn òkúta."

Mo kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo rò ó wò: àwọn ìyá àgbà bí ogún, tí òjò ti pa tí oòrùn ti pa, wọn ò jẹ, wọn ò mu, nítorí ọkùnrin tí kò sí. Ojú tì mí débi pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó jẹ́ ọjọ́ tí n óò jẹ́wọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, mo tún sọ pé, "Ẹ ṣé, Màmá. Ẹ máa gbàdúrà fún wa."

Nígbà tó di ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kejìlá, dírébà kan pè mí. Bàbá Sámi ni wọ́n ń pè é, ọmọ ìjọ Màmá ni, òun ló máa ń kó ata láti ọ̀dọ̀ wa wá sí Mile 3. Ó ní kí n wá gba ẹrù. Agbọ̀n kan ni, àkùkọ mẹ́ta wà nínú rẹ̀, òórùn ata ti bò wọ́n. Ọ̀kan ní àkísà pupa lẹ́sẹ̀, ti Ìbùkún nìyẹn. Ọ̀kan ní búlúù, ti Tóbi. Ẹ̀kẹta tóbi ju àwọn méjì tó kù lọ, àkísà rẹ̀ funfun.

Bàbá Sámi ní, "Funfun yìí, ti ọ̀gá yín ni o. Màmá ní kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín gbé e fún un, kẹ́ ẹ kí i dáadáa."

Mo gbé agbọ̀n náà délé. Bísí wò ó, ó wò mí. Ìyàwó mi kì í pariwo, bí inú bá bí i, ṣe ló máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Bàbá Ìbùkún, ẹ pe Màmá lónìí, kẹ́ ẹ sòótọ́."

"Mo máa sọ ọ́."

"Ìgbà wo?"

"Lẹ́yìn ọdún."

Lọ́jọ́ Kérésì, àwọn ọmọ jẹ iwe adìyẹ wọn. Ní ti adìyẹ Mista Jọ́ọ̀jì, èmi ni mo jẹ iwe rẹ̀. Mo ti ní n kò ní parọ́ mọ́, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́: ó dùn.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di àṣà. Lọ́dọọdún, ìyá mi á gbààwẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, èmi á pè é ní oṣù Kejìlá pé Mista Jọ́ọ̀jì kọ̀ jálẹ̀, agbọ̀n á sì dé. Ohun tó tún burú jù ni ti àwọn ọmọ. Lọ́dún tí Ìbùkún pé ọdún mẹ́fà, ó bi mí pé ta ló ni aláàkísà funfun. Mo ní Mista Jọ́ọ̀jì ni. Ó ní ta ni Mista Jọ́ọ̀jì. Mo ní ẹnì kan tó máa ń wá lọ́dún Kérésì. Òun àti àbúrò rẹ̀ bá sọ ọ́ di Bàbá Kérésì tiwọn, ọkùnrin tó ń gun ọkọ̀ ata láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá. Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, wọn kò ní jẹ́ ká gbádùn. Ní Mile 3, bí ọkọ̀ Bàbá Sámi bá yọ, wọ́n á máa fò sókè láàárín àwọn alábàárù pé, "Mister George don come o! Mister George don come!" Àwọn oníṣòwò mọ̀ wọ́n, wọ́n á bá wọn pàtẹ́wọ́. Inú èmi náà a máa dùn. Bí mo bá dùbúlẹ̀, ìgbà náà ni ẹ̀rí ọkàn á tó máa jẹ mí. Ìgbà èwe tó dùn ni mo fẹ́ fún àwọn ọmọ mi, mo sì fún wọn lóòótọ́. Àárò wọn tó ń sọ ìyá mi ni mo fi rà á.

Kì í ṣe pé n kì í lọ sílé o. Mo máa ń lọ nígbà Àjíǹde, ọjọ́ méjì péré, lọ́pọ̀ ìgbà èmi nìkan. N óò gbé ẹja gbígbẹ àti edé lọ fún Màmá. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni àwọn ọmọ bá mi débẹ̀. Wọn kò gbọ́ Yorùbá tó nǹkan, òun náà kò gbọ́ Pidgin, wọn á kàn jókòó tì í, á máa fọwọ́ pa wọ́n lórí. Bí mo bá ti ń lọ, á sìn mí dé ibi ọkọ̀, á ní, "Bá mi kí ọ̀gá ẹ." Kò bú mi rí. Bó bá jẹ́ pé ó bú mi ni, ì bá sàn.

Lẹ́ẹ̀kan, àṣírí fẹ́rẹ̀ẹ́ tú. Ìbùkún ti pé ọdún mẹ́tàlá. Ọjọ́ kejì Kérésì ni, ìyá mi pè, mo sì ṣí sípíkà fóònù kí gbogbo wa lè máa gbọ́.

"Ìbùkún, ọmọ mi. Ṣé Mista Jọ́ọ̀jì rí adìyẹ ẹ̀ gbà?"

Kí n tó nawọ́, ọmọ ti dáhùn. "Yes, Grandma! A ti jẹ ẹ́ tán. We chop am yesterday, e sweet well well."

Bísí gbé orí sílẹ̀. Mo ń gbọ́ èémí ìyá mi lórí fóònù, mo sì ń sọ lọ́kàn pé ó tán, ó tán lónìí. Kí a tó mọ̀, Màmá ti bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ jọ jẹ ẹ́? Mista Jọ́ọ̀jì wá sílé yín wá jẹun? Ọpẹ́ ni fún Olúwa! Ẹni tó bá ti bá èèyàn jẹun kò lè rorò sí i mọ́. Ó máa jẹ́ kẹ́ ẹ wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, adìyẹ aláàkísà funfun di méjì. Ó ní kí Mista Jọ́ọ̀jì mú ọ̀kan lọ fún ìyàwó rẹ̀.

Ìbùkún wọ yunifásítì, ó gba yàrá sí Aluu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́ náà. Lọ́jọ́ tí mo lọ gbé e wálé fún ìsinmi Kérésì, a wà nínú ọkọ̀, ó ń wo ìta, ó kàn dédé ní, "Daddy, who is Mister George? No tell me Father Christmas o."

Ó ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. N kò rí irọ́ kankan tó bá a mu mọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó yí ojú kúrò ní ìta, ó wò mí.

"So since I small, Grandma dey send bribe make dem free her pikin, and na you dey chop am?"

"Ìbùkún, kì í ṣe bẹ́ẹ̀..."

"Na so e be, Daddy. And me, I dey jump for Mile 3, I dey sing." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó wá fi Yorùbá tó ń ta kókó sọ ọ́, kí n lè gbọ́ ọ dáadáa. "Ẹ mú èmi náà jẹ nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ this year. Ẹ jọ̀ọ́ sà."

Mo ní a ó lọ. A kò lọ. Ẹ má bi mí pé kí ló tún dá mi dúró. Bí mo bá lọ, kí ni n óò sọ fún Màmá? Ó lè ní kí n mú fóònù Mista Jọ́ọ̀jì wá kí òun dúpẹ́. Ó lè mú mi dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì níwájú àwọn ìyá tó gbààwẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ìgbádùn ló dá mi dúró. Nígbà tó yá, ìtìjú ló di ọ̀gá mi, ìyẹn kì í sì í fúnni ní líìfù. Bọ̀dá Délé pè mí lọ́dún kejì lẹ́yìn ìyẹn pé Màmá ti ń gbàgbé nǹkan, kí n wá wò ó. Mo ní mò ń bọ̀. Mo fi owó ránṣẹ́.

Lọ́dún yẹn kan náà, nígbà tí ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kejìlá pé, mo lọ sí Mile 3. Eérú dúdú láti inú èéfín epo rọ̀bì tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú ọ̀run Pọ́tákọ́ọ̀tù láyé ìgbà yẹn ti kun gbogbo àtẹ. Èmi nìkan ni mo lọ, Ìbùkún ti ní òun kò ní gba adìyẹ náà mọ́ láéláé. Bàbá Sámi sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ó ti darúgbó, òun náà.

"Mo yà lọ́dọ̀ Màmá," ó ní. "Mo kí wọn, mo ní mò ń lọ sí Pọ́tákọ́ọ̀tù, ẹrù dà. Wọ́n ní ta ni mí."

Mo pe Bọ̀dá Délé níbi tí mo dúró sí. Kò bínú, ohùn rẹ̀ kàn rẹ̀ ẹ́. "Ó ti pé oṣù mẹ́fà tí mo ti ń sọ fún ẹ. Ọjọ́ mìíràn wà tí kì í mọ̀ mí."

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kejì, gbogbo wa ti wà lọ́nà. Tóbi, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, jókòó síwájú, Bísí àti Ìbùkún wà lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Iwofe tàbí ẹja. A sùn ní Ìbàdàn, àárọ̀ Kérésì la wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ọyẹ́ ti mú, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún, àwọn ọmọ tó wọ aṣọ tuntun ń lọ lẹ́bàá títì, mo sì ń sọ lọ́kàn mi pé ó ti tó, lónìí n óò dojú bolẹ̀, n óò sòótọ́, kí ó ṣe mí bó bá ṣe fẹ́.

Màmá jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ lórí àga onítìmùtìmù, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì fún un. Ó ti rù, àmọ́ ojú rẹ̀ tutù. Èmi àti Tóbi dọ̀bálẹ̀, Bísí àti Ìbùkún kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ewu ọ̀nà," ó ní. "Ẹ dìde. Ọmọ ta ni yín?"

Bọ̀dá Délé bẹ̀rẹ̀, ó sọ sí i létí. "Màmá, ọmọ yín ló dé. Láti Pọ́tákọ́ọ̀tù."

Bó ṣe gbọ́ Pọ́tákọ́ọ̀tù, ojú rẹ̀ là. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Pọ́tákọ́ọ̀tù lẹ ti wá? Ọmọ mi wà níbẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n? Dáadáa ló wà, ọ̀gá rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó wálé."

N kò lè fara dà á mọ́. Mo rákò dé ẹsẹ̀ rẹ̀, mo di orúnkún rẹ̀ mú. Omi ti ń dà lójú mi. "Màmá, kò sí ọ̀gá kankan. Irọ́ ni mo pa fún yín láti ìgbà yẹn. Èmi ni Mista Jọ́ọ̀jì. Màmá, ẹ gbọ́, èmi gan-an ni."

Ó tẹjú mọ́ mi. Ó wá gbé ọwọ́ méjèèjì lé apá àga, ó ti ara rẹ̀ síwájú, mo rò pé ó fẹ́ dì mọ́ mi. Ṣe ló ń wá ilẹ̀ tí yóò kúnlẹ̀ sí.

Tóbi ló kọ́kọ́ pariwo. Èmi àti òun la jọ gbá a mú kí orúnkún rẹ̀ tó kanlẹ̀, àmọ́ kò gbà fún wa, ó ń tì wá.

"Ẹ jẹ́ kí n kúnlẹ̀ kí wọn. Ẹ̀yin nìyí, sà? Mo ti ń dárúkọ yín fún Ọlọ́run, ọjọ́ ti pẹ́. Ẹ má bínú pé adìyẹ lásán ni mo rí fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹ ṣàánú mi, ọ̀gá. Ẹ fún un láyè lọ́dún yìí nìkan. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà, n kì í fojú kàn wọ́n lọ́jọ́ Kérésì."

Ìyá tó bí mi ló ń pè mí ní sà. Mo bojú wẹ̀yìn. Ìbùkún ti bo ẹnu rẹ̀, Bísí ti kọjú sí ògiri. Bọ̀dá Délé ń wò mí, bó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Òótọ́ ti jáde lẹ́nu mi, kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú, ó ń retí èsì.

Mo ní, "Mo ti fún un láyè, mà. Ó ti ń bọ̀ lọ́nà."

"Hẹ̀n?"

"Ó ń bọ̀, mà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ."

"Olúwa yóò bù kún yín!" Ó fẹ̀yìn ti àga, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fi etí ìró nu ojú mi bí a ti í nu ojú àlejò tó rìn nínú eruku. "Ẹ jókòó, ẹ má tíì lọ. Ẹ jókòó kẹ́ ẹ bá mi rí wọn."

Bọ̀dá Délé gbé bẹ́ǹṣì wá. A jókòó tì í, èmi, ìyàwó mi, àti àwọn ọmọ mi méjèèjì, a kọjú sí ẹnu ọ̀nà bó ṣe kọjú sí i, gbogbo wa sì jọ ń retí mi.